Bátìrì Dróònù tí ó ti Gbó: Kí ni Ènìyàn Lè Fi Mọ Èyí tí Ewu Wà Nínú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò ní alẹ́ yìí dá lórí ohun kékeré kan tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé, ṣùgbọ́n tí ó lè sọ odidi ilé di eérú. Nǹkan náà ni bátìrì tí ń gbé dróònù fò, pàápàá jù lọ èyí tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ní ayé òde òní, dróònù ti di ohun tí ojú mọ̀ dáadáa ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, ayàwòrán yóò rán an lọ sókè kí ó lè ya agbo ijó láti òfuurufú. Àwọn awọnlẹ̀ ń lò ó láti ya àwòrán ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ olóko ńlá sì ń fi irú èyí tí ó tóbi fọ́n oògùn sí irè oko. Ohun kan ni ó pa gbogbo àwọn wọ̀nyí pọ̀: dróònù máa ń pẹ́ ju bátìrì rẹ̀ lọ. Ara dróònù lè wà digbí fún ọdún mẹ́fà tàbí méje, nígbà tí bátìrì rẹ̀ yóò ti máa ṣe àárẹ̀ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Titun rẹ̀ wọ́n, nítorí pé láti òkèèrè ni ó ti ń wá. Nítorí náà ni olówó rẹ̀ fi máa ń mú un lọ́wọ́, tí yóò máa yí i síwá sẹ́yìn, tí yóò sì máa bi ara rẹ̀ pé: ṣé kí òun tún lò ó ní òde ọjọ́ Sátidé yìí, àbí kí òun jáwọ́ nínú rẹ̀?

Ìbéèrè náà le, nítorí pé ìdáhùn méjèèjì ni ó ní ohun tí ó ń ná ènìyàn. Ẹni tí ó bá sọ bátìrì tí ó dára nù ti fi owó ṣòfò. Ẹni tí ó bá sì ń lo èyí tí kò dára mọ́ lè pàdánù ohun tí ó ju owó lọ. Ewu ibẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan wà ní òkè: bátìrì lè dákẹ́ lójijì, kí dróònù tí ó wúwo ju kílógíráàmù kan lọ já lu àwọn tí ń jó ní abẹ́ rẹ̀. Èkejì wà nínú ilé: bátìrì lè gbiná níbi tí wọ́n ti ń gba iná sí i tàbí níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ẹ kíyè sí èdè tí àwọn Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ nípa bátìrì, nítorí pé inú èdè ni àṣìṣe àkọ́kọ́ fi ara pamọ́ sí. Bí bátìrì tọ́ọ̀ṣì bá ń lọ sílẹ̀, wọn a ní ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Bí kò bá tan mọ́, wọn a ní ó ti kú. Èyí tí wọ́n bá sì jù sí ẹ̀yìnkùlé, òkú bátìrì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ yìí bá bátìrì àtijọ́ mu rẹ́gí. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti ti rédíò, èyí tí wọ́n fi síńkì àti èédú ṣe, bí agbára rẹ̀ bá tán, ó tán náà nìyẹn. Ohun tí ó burú jù tí ó tún lè ṣe ni kí omi inú rẹ̀ jò, kí ó ba inú rédíò jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sá a sí oòrùn, tí wọn a sì máa gbá a mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó lè gbé ohùn rédíò dé òpin ìròyìn alẹ́. Ọgbọ́n ìṣọ́wóná ni, kò sì sí ewu ńlá kan níbẹ̀.

Bátìrì dróònù kì í ṣe ọmọ ìyá bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ní bátìrì dróònù ti kú, ohun tí ó kú nínú rẹ̀ ni agbára láti gbé ẹrù sókè; agbára láti gbiná kò bá a kú. Ẹni tí ó bá sá a sí oòrùn kí ó lè jí, tàbí tí ó gbá a mọ́lẹ̀, iná gan-an ni ó ń pè. Ọgbọ́n tí ó ṣiṣẹ́ fún bàbá ní ọdún 1975 lè jó ọmọ nínú ilé ní òní, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ kan náà, bátìrì, ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Kí ni ó wá wà nínú bátìrì dróònù? Mẹ́táàlì kan tí wọ́n ń pè ní lítíọ́mù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni Stanley Whittingham ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí irú bátìrì yìí ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1980, John Goodenough àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford rí ohun èlò tí ó mú kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i. Ní ọdún 1985, Akira Yoshino ṣe èyí tí ó ṣeé lò láìséwu púpọ̀ ní ilẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ Sony sì gbé e jáde fún títà ní ọdún 1991. Àwọn onímọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ọdún 2019.

Bí wọ́n bá tú bátìrì náà sílẹ̀, ohun tí yóò hàn ni awẹ́ mẹ́táàlì méjì tí ó fẹ́lẹ́ bí ewé, tí wọ́n fi awẹ́ ọ̀rá kan tí ó tún fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ là láàárín, tí wọ́n sì rì gbogbo rẹ̀ sínú omi kẹ́míkà tí ó lè jó. Èyí ni wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú púpọ̀ nínú àwọn bátìrì dróònù, inú àpò pẹlẹbẹ tí ó rọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì wà, kì í ṣe inú agolo irin, kí ó má baà wúwo. Sẹ́ẹ̀lì méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n sì máa ń so pọ̀ kí wọ́n tó di odidi bátìrì kan. Níwọ̀n ìgbà tí awẹ́ ọ̀rá àárín yẹn bá ṣì wà ní pípé, àlàáfíà wà. Bí ó bá ya, tàbí bí ooru bá yọ́ ọ, awẹ́ mẹ́táàlì méjèèjì yóò fara kan ara wọn, ooru yóò máa bí ooru, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní igun kan sẹ́ẹ̀lì kan yóò sì ran àwọn yòókù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ àfẹnusọ lásán, ẹ wo dróònù kan tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Phantom 4, tí ó jáde ní ọdún 2016. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni ó wà nínú bátìrì rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ fóòtì 15.2, agbára tí ó sì lè kó pamọ́ jẹ́ 81.3 watt-hour. Àwọn tí ó ṣe é ní bátìrì titun lè gbé e dúró lókè fún ìṣẹ́jú 28. Bí ènìyàn bá ṣírò rẹ̀, agbára tí ó ń tú jáde nígbà tí ó ń fò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gílóòbù oní-60 watt mẹ́ta tí ó jọ ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára inú rẹ̀ nígbà tí ó bá kún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti mú omi lítà kan hó láti inú tútù. Bí gbogbo agbára yẹn bá jáde ní ìṣẹ́jú kan dípò ìṣẹ́jú 28, tí omi kẹ́míkà inú rẹ̀ náà sì tún gbiná, ẹ̀yin náà lè fojú inú wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n gbé e lé.

Ní ti dídàgbà bátìrì, ọ̀nà méjì ni ó ń gbà dàgbà. Ó ń fi iṣẹ́ dàgbà, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ó bá gba iná tí ó sì lò ó tán ni díẹ̀ nínú lítíọ́mù tí ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ ń há sí ara awẹ́ rẹ̀ tí kò sì lè padà mọ́. Ó tún ń fi ìjókòó dàgbà, àní bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Èyí tí wọ́n gba iná sí títí tí ó fi kún dẹ́múdẹ́mú, tí wọ́n wá fi sílẹ̀ nínú yàrá gbígbóná fún oṣù mẹ́ta, máa ń gbó ju èyí tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Bí ó ti ń gbó, ìdènà inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé iná kò rí ọ̀nà kọjá geere mọ́. Bí ìdènà yìí bá di ìlọ́po méjì, ooru tí bátìrì ń mú jáde lórí iṣẹ́ kan náà yóò di ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Omi kẹ́míkà inú rẹ̀ yóò sì máa yí padà díẹ̀díẹ̀ di gáàsì, èyí tí kò ní ọ̀nà àtijáde. Òun ni ó máa ń mú kí bátìrì wú.

Lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe ìdájọ́ bátìrì bẹ́ẹ̀, ẹnu àwọn tí ń lo dróònù kò kò. Àwọn kan ní, níwọ̀n bí ó bá ṣì ń fò, ó ṣì dára. Àwọn mìíràn ní, gbàrà tí ó bá ti pé ọdún méjì tàbí tí ó ti gba iná ní igba ìgbà, kí ènìyàn sọ ọ́ nù láìwẹ̀yìn. Èrò méjèèjì ni ó ní àbùkù.

Àwọn tí ó ní níwọ̀n bí ó bá ṣì ń fò gbàgbé pé ibi tí bátìrì ti ń jóná kì í sábà jẹ́ òfuurufú. Orí ṣájà ni, tàbí inú àpò. Bátìrì tí ó gbé dróònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sán lè wú ní ìrọ̀lẹ́. Ní ti àwọn tí ń ka ọdún nìkan, ìtàn ta kò wọ́n. Ní ọdún 2016, titun ni àwọn bátìrì inú fóònù Samsung Galaxy Note 7 tí ó ń gbiná, títí tí ilé iṣẹ́ náà fi kó gbogbo fóònù náà kúrò lọ́jà. Àbùkù ti wà nínú wọn láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ GoPro pe nǹkan bí 2,500 dróònù Karma padà, nítorí pé iná ń kú mọ́ díẹ̀ nínú wọn lókè. Nígbà tí wọ́n wádìí, kì í ṣe inú bátìrì ni àbùkù wà. Ohun tí ó di bátìrì mú sí ara dróònù ni kò mú un ṣinṣin. Ọjọ́ orí jẹ́ ẹlẹ́rìí kan, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan kì í dá ẹjọ́.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí mélòó ni ó yẹ kí ènìyàn pè? Márùn-ún ni.

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní ni ara bátìrì fúnra rẹ̀. Kí ènìyàn gbé e lé orí tábìlì tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bí ó bá ń mì jẹ̀lẹ̀ bí ọpọ́n tí ìdí rẹ̀ yọ, tàbí tí kò wọ inú àyè rẹ̀ lára dróònù geere bí ti àtẹ̀yìnwá, ó ti wú. Kí ó wo igun rẹ̀ bóyá ó ya, kí ó wo ẹnu rẹ̀ tí iná ń gbà jáde bóyá ó dúdú tàbí ó yọ́. Kí ó gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà díẹ̀: bí òórùn dídùn kan tí ó jọ ti omi tí àwọn obìnrin fi ń nu àwọ̀ èékánná bá ń jáde, omi inú rẹ̀ ti ń jò. Àwọn kan máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ó wú kí ó lè padà, àwọn mìíràn a sì fi abẹ́rẹ́ lu ú kí gáàsì jáde. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn máa ṣá ìṣáná wò nínú àgbá epo.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ǹjẹ́ ó ti já lulẹ̀ láti òkè rí? Ǹjẹ́ omi ti wọ inú rẹ̀ rí? Ǹjẹ́ wọ́n ti lò ó tán pátápátá, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan? Bátìrì tí ó já lulẹ̀ lè má fi nǹkan kan hàn lára ní ọjọ́ náà, nígbà tí awẹ́ ọ̀rá inú rẹ̀ ti fọ́ sí ibì kan. Ìdí nìyí tí ó fi léwu láti ra àlòkù bátìrì lọ́wọ́ ẹni tí ènìyàn kò mọ̀. Àlòkù dróònù ṣeé yẹ̀ wò. Àlòkù bátìrì, ẹni tí ó tà á nìkan ni ó mọ ìtàn rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni fóòtì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé àpapọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ kí bátìrì Phantom 4 kan wà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ fóòtì 3.8, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15.2. Kí òmíràn wà tí mẹ́ta nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 3.9, tí ẹ̀kẹrin sì jẹ́ 3.5, àpapọ̀ tirẹ̀ náà jẹ́ 15.2. Bí ènìyàn bá fi mítà wọn àwọn méjèèjì láti ìta, ìbejì ni wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan gbádùn, tí èkejì sì ní aláìsàn nínú ilé. Ní òkè, sẹ́ẹ̀lì aláìsàn yìí ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀, yóò sì fa àwọn yòókù lulẹ̀. Àwọn dróònù òde òní púpọ̀ máa ń fi iye fóòtì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn lórí fóònù tí wọ́n fi ń darí wọn. Kí ènìyàn gba iná sí bátìrì títí tí yóò fi kún, kí ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ó tó wò ó. Bí àlàfo tí ó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì tí ó ga jù àti èyí tí ó kéré jù bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fóòtì kan, tí ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ̀rí burúkú ni. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá sì ti lọ sílẹ̀ kọjá fóòtì 3 tí ó sì pẹ́ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú láti jí i dìde.

Ẹlẹ́rìí kẹrin ni iṣẹ́ rẹ̀ ní òkè. Kí olówó rẹ̀ fò ó ní pápá tí kò sí ènìyàn, kí dróònù dúró sí ibì kan, kí ó má gòkè jù, kí ó sì ka ìṣẹ́jú. Bí bátìrì bá ń fún un ní ìṣẹ́jú 25 nígbà tí ó wà ní titun, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá ti dé ibẹ̀ mọ́, ó ti kọjá ààlà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi sí ìgbẹ̀yìn ayé bátìrì. Èyí tí ó tún burú ju kíkúrú ìṣẹ́jú lọ ni ìjábọ́ òjijì: kí iye tí ó kù máa lọ díẹ̀díẹ̀ láti 100 dé 40, kí ó wá já wálẹ̀ sí 15 lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí dróònù bá fẹ́ gòkè. Bátìrì tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ àsọyé. Kí ó má tún fò lórí ènìyàn mọ́.

Ẹlẹ́rìí karùn-ún ni ooru. Kò sí bátìrì tí kì í lọ́wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbóná lórí ṣájà ju bí ó ti máa ń ṣe lọ, tàbí bí apá kan rẹ̀ bá gbóná tí apá kejì sì tutù, tàbí bí ó bá ń gbóná nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, ohun kan ti ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Àwọn àgbà ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná; ṣùgbọ́n ìkòkò tí kò sí lórí iná rárá, tí ìdí rẹ̀ sì ń gbóná, ó yẹ kí ó lé onílé jáde.

Lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́rìí bá ti sọ̀rọ̀ tán, ìdájọ́ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó láti dá bátìrì lẹ́bi: wíwú, yíya, jíjò, òórùn, ooru láìṣiṣẹ́, àti sẹ́ẹ̀lì tí ó ti lọ sílẹ̀ kọjá ààlà. Fún àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹ̀bẹ̀. Èkejì ni àwọn àìlera tí ó ní kí bátìrì fi òde ayẹyẹ sílẹ̀: kíkúrú ìṣẹ́jú, àlàfo láàárín sẹ́ẹ̀lì, iye ìgbà tí ó pọ̀ jù tí ó ti gba iná. Bí ọ̀kan bá wà, kí wọ́n máa lò ó ní pápá gbangba fún ìdánrawò, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Bí méjì bá pàdé, kí ó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kẹta ni bátìrì tí ó dàgbà ní ọdún ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹlẹ́rìí jẹ́rìí rere sí. Irú èyí kò yẹ ní sísọnù. Kí olówó rẹ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé ìdájọ́ yìí ni àríyànjiyàn. Ayàwòrán yóò ní bátìrì òun wú díẹ̀ ni, kò wú púpọ̀. Òótọ́ ni pé wíwú díẹ̀ kò túmọ̀ sí pé yóò jó lónìí. Ṣùgbọ́n gáàsì tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní padà di omi mọ́, ìgbà tí ó bá sì tún gba iná ni yóò pọ̀ sí i. Ẹlòmíràn yóò ní òun mọ oníṣẹ́ kan tí yóò tú bátìrì náà, tí yóò yọ sẹ́ẹ̀lì tí kò dára, tí yóò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí náà léwu, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì titun àti èyí tí ó ti gbó kò lè rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Èyí tí ó gbó yóò tètè kún, yóò sì tètè tán, ìnira rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i. À á wo àrùn sàn ni, ẹnikẹ́ni kì í wo ikú.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ó bi àwọn elérò ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ọkọ̀ akẹ́rù UPS kan gbéra láti Dubai, ẹrù bátìrì lítíọ́mù sì wà nínú rẹ̀. Iná sẹ́ láàárín ẹrù, ọkọ̀ náà já, àwọn awakọ̀ méjèèjì sì kú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ Boeing 787 dúró ní gbogbo ayé nítorí bátìrì wọn tí ń jó. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni òfin àgbáyé ti ní kí wọ́n má ṣe kó bátìrì irú èyí bí ẹrù ọjà nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó ń gbé èrò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí onídróònù tí ń rìnrìn àjò gbé bátìrì tí kò sí lára dróònù dání wọ inú ọkọ̀, kí ó má fi í sínú ẹrù ìsàlẹ̀: bí ó bá gbiná, kí ojú ènìyàn lè tètè tó o. Bátìrì tí ó bá sì wú tàbí tí ó bàjẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá.

Ní ti ìtọ́jú, kò nira. Kí ènìyàn má tọ́jú bátìrì ní kíkún tàbí ní òfìfo. Ìdajì ni ó dára jù, ìyẹn nǹkan bí fóòtì 3.8 fún sẹ́ẹ̀lì kan. Kí ó má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n pa fèrèsé rẹ̀ sínú oòrùn. Bí ó bá ti òkè dé, kí ó tutù kí ó tó tún gba iná. Ṣájà tí wọ́n ṣe fún un ni kí wọ́n lò, kí ó wà lórí símẹ́ǹtì tàbí táìsì, kí ó jìnnà sí ìtẹ́, aṣọ àti ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná kì í sábà dé bí kò ṣe ní òru, ìdánwò ńlá ni láti fi í sórí iná kí ènìyàn sì sùn. Ṣùgbọ́n òwe Yorùbá ti kìlọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Bí ó bá gbiná, kí gbogbo ilé kọ́kọ́ jáde, nítorí pé májèlé wà nínú èéfín rẹ̀. Kí wọ́n pe àwọn panápaná. 112 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì. Bí iná náà bá ṣì kéré, omi púpọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni ó lè mú un tutù. Yanrìn lè dí ọwọ́jà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa ooru inú rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí wọn yóò gbé èyí tí wọ́n ti dá lẹ́bi sí. Ààtàn kọ́, nítorí pé wọ́n máa ń dáná sun ààtàn, àwọn ọmọdé sì máa ń ṣeré níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọwọ́ àwọn tí ń fi ọmọlanke kiri ra irin àlòkù, tí wọn yóò fi òòlù fọ́ ọ nítorí bàbà díẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi téèpù dí ẹnu rẹ̀ tí iná ń gbà jáde, kí wọ́n gbé e sínú yanrìn nínú garawa irin ní ìta, jìnnà sí ilé, títí tí wọn yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gba àlòkù ohun èlò iná tí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u.

Ẹ̀yin òǹwòran, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú yẹpẹrẹ wo owó bátìrì kan ní àkókò yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fi dróònù jẹun mọ iye òde tí yóò lọ kí ó tó rí owó òmíràn. Ṣùgbọ́n kí ó ṣírò rẹ̀ tán: owó bátìrì kan wà ní apá kan, ní apá kejì ni orí ọmọ oníyàwó tí ń jó ní abẹ́ dróònù wà, àti àwọn ọmọ tí ó sùn sí yàrá kejì sí ibi tí ṣájà wà. Bí bátìrì bá ti wú, kí ó má tún fi í sórí iná ní alẹ́ òní.